Ọ̀sẹ̀ Àgbọ̀nrín

Marlys Brandvold bẹ̀rẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn yàrá òtútù, ó ń fi àkísà nu ìrì tó bo irin rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rẹ́. Ó fẹ́ kà á ni. Orúkọ mẹ́rin ni, máàkà dúdú ni wọ́n fi kọ wọ́n sí igun ìsàlẹ̀, níbi tí ẹni tí kò bá mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ kò ní wò. Verlyn. Rollie. Dale. Skip. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń wà.

Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Agogo méje àárọ̀ Mọ́ńdè ò tíì lù. Ní agogo méjì ọ̀sán, gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wàràkàsì Tollefsrud yóò pé jọ sí yàrá ìjẹun láti gbọ́ òfin ìsinmi ọdún. Láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tí ilé iṣẹ́ náà ti wà, wọn ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ rí. Marlys, akọ̀wé ilé iṣẹ́, ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti parí. Ìpínrọ̀ kẹrin ṣì ṣófo.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sinmi á sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá á ní kò burú, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ọ̀sẹ̀ tí ìjọba bá ṣí ọdẹ àgbọ̀nrín, nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń lọ sópin. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìdajì ìlú á ti wọ igbó. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ á gé ìwàásù kúrú. Ṣùgbọ́n màlúù ò mọ̀ pé ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni táńkà ń gbé wàrà wá, èèyàn mẹ́rin péré ni ilé iṣẹ́ sì lè yọ̀ǹda. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti igbó dé, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára bàtà wọn, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan á ti kọ orúkọ wọn fún ọdún tó ń bọ̀ sára ilẹ̀kùn náà. Tí oṣù kìn-ín-ní bá dé, tí Marlys gbé kàlẹ́ńdà tuntun kọ́, á da orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ sínú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń dà á kọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bá má le tó bẹ́ẹ̀ ká ní ẹnikẹ́ni ló lè ṣe wàràkàsì. Ní Wisconsin, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba nìkan ló lè dúró ti agbada ńlá tí wàrà ti ń dì. Méjì ló ní ìwé náà nílé iṣẹ́ yìí. Verlyn, ẹ̀gbọ́n Marlys, gbà á kí irun rẹ̀ tó funfun. Yesenia Olvera, obìnrin ará Veracruz ní Mexico, gbà á lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì gbọ́dọ̀ dúró. Ní Fúráídè tó kọjá, Yesenia bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá, ó ní òun fẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù kọkànlá, láti ọjọ́ kejìdínlógún. Ọ̀sẹ̀ àgbọ̀nrín wà nínú ẹ̀ gbáko. Ó ní òun ń fẹ́ èsì lórí ìwé kí iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè tó parí, torí ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn òkè ti ń pe òun, wọ́n sì ti gbà láti fún òun ní ọjọ́ náà.

Marlys ti padà sí ọ́fíìsì nígbà tí ọ̀gá yọ orí wọlé, ife kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Curt Tollefsrud kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó kórìíra ariwo bí ológbò ṣe kórìíra omi.

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ku ìpínrọ̀ kẹrin."

"Ìyẹn náà le ni? Ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ mú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí Yesenia bá bínú, kì í ṣe èmi ló ń bínú sí, òfin ni."

"Tó bá lọ ńkọ́?"

Curt wo inú kọfí rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà nísàlẹ̀ ife. "Kò ní lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbí. Níbo ló ń lọ?" Ó ti yí ẹ̀yìn padà kó tó sọ èyí tó kù. "Kí òfin ṣáà máa sọ̀rọ̀, Marlys. Èmi ò fẹ́ sọ nǹkan kan."

Marlys jókòó, ó tẹ ìpínrọ̀ kẹrin gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí. Ìlà méjì péré ni. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ara tù ú ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Bàbá wọn, Orville, ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Nínú oṣù kẹsàn-án, dókítà sọ fún àwọn ọmọ méjèèjì pé kí wọ́n má ṣe gbójú lé òjò dídì ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá náà ní òun fẹ́: kí òun tún jókòó sínú ahéré òun nínú igbó ní àárọ̀ Sátidé tí ọdẹ bá bẹ̀rẹ̀. Verlyn ló máa ń mú un lọ. Tí ìlà méjì yìí bá dúró, Bàbá á rí ohun tó fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣe ojúsàájú.

Kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní kí òun kọ́kọ́ wo àwọn kàlẹ́ńdà àtijọ́, kí òun lè mọ iye ọjọ́ tí kálukú ti ń gbà. Kì í ju nǹkan nù. Gbogbo wọn wà nínú dúróọ̀ ìsàlẹ̀, ó ká wọn, ó sì fi rọ́bà dè wọ́n. Ó tú wọn sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Verlyn, oṣù kọkànlá. Rollie, oṣù kọkànlá. Ó wá orúkọ Yesenia. Oṣù kejì. Ó ṣí ti ọdún tó tẹ̀ lé e. Oṣù kejì. Ó ṣí mìíràn. Ọdún mọ́kànlá, oṣù kejì ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí yìnyín ti di ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kì í lọ síbì kankan. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́.

Ó dé fìlà àwọ̀n, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì gba yàrá agbada lọ.

Ooru pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú òórùn wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì. Yesenia dúró ti agbada kejì, ó ń fa ọ̀bẹ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú wàrà funfun náà kọjá, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ya irun ọmọdé.

"Yesenia, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan."

"Ẹ bi mí, dóńyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò lè dúró o." Dóńyà ló máa ń pe Marlys, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin ní èdè Spéènì.

"Kí ló dé tó jẹ́ pé oṣù kejì lo máa ń gba líìfù?"

"Èmi ni mo mú un ni? Ohun tó ṣẹ́ kù ni. Ọjọ́ kejì ọdún tuntun lẹ máa ń gbé kàlẹ́ńdà kọ́. Lọ́dún kan mo dé kí ilẹ̀ tó mọ́, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yín gan-an. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbé e kọ́, orúkọ ti kún oṣù kọkànlá. Mo ní àwọn ọkùnrin yìí mà kì í sùn."

"O ò mọ̀ nípa ilẹ̀kùn yàrá òtútù?"

"Ilẹ̀kùn ṣe kí ni?"

"Àwọn orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Áà, ìyẹn!" Yesenia rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó kàn láti fọ yàrá òtútù. Mo mọ ìyẹn. Àánú Verlyn tiẹ̀ máa ń ṣe mí, òun ni wọ́n máa ń fi síwájú. Lọ́dún tí ẹ̀yìn ń dùn ún, èmi ni mo bá a fọ̀ ọ́. Látòkè délẹ̀. Ó fún mi ní ẹran gbígbẹ."

Marlys kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún un, ohùn rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó parí, ọ̀bẹ ti dúró láàárín wàrà.

"Ọdún mọ́kànlá," ni Yesenia wí. Kò gbé ohùn sókè. Ó wo wàrà, ó rí i pé kò ní dúró de òun, ó sì tún fa ọ̀bẹ náà. "Ẹ ò rí i pé mo gọ̀."

"Ìwọ kọ́ lo gọ̀." Marlys sún mọ́ ọn. "Kí ló wà nínú oṣù kọkànlá gan-an? O ò sọ fún Curt."

"Kò bi mí."

"Èmi ń bi ọ́."

Yesenia fa ọ̀bẹ dé ìpẹ̀kun kó tó dáhùn. "Bàbá mi kú lésìí. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n pè mí. Verlyn wà nínú igbó, fóònù kì í wọlé níbẹ̀, agbada méjèèjì sì kún. Mo fi fóònù sápò, mo parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ń sin ín, mo gbé fóònù ti ara ògiri níbi tí a ti ń fi iyọ̀ sí wàràkàsì, mo ń wò wọ́n, mo ń da iyọ̀."

"O ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa."

"Kí ni mo fẹ́ sọ, dóńyà? Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde nígbà yẹn. Tí mo bá lọ, mi ò ní lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Báyìí ó ti jáde." Ó nu iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú apá. "Tó bá pé ọdún kan, a máa ń ṣe ìsìn Máàsì fún òkú, a ó wá gbé àgbélébùú tuntun láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ibojì. Àwọn àbúrò mi ti kan án. Èmi ni àkọ́bí. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé e, èmi làwọn ń dúró dè."

Marlys padà sí ọ́fíìsì, kò sì rántí ṣí fìlà àwọ̀n. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nìyẹn, tó bá ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ wọn. Kò rò ó rí pé èèyàn lè sọ̀rọ̀, kó tiẹ̀ jí kùtù wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó sì jẹ́ pé ẹni tó wà nínú ilé ni kò fetí sílẹ̀. Lánàá òde yìí, nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ti kọrin nípa àlejò tí Olúwa ń gbà wọlé. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn èèyàn ti kí i.

Lọ́sàn-án, Verlyn wọlé pẹ̀lú ìdì bébà. Ọkùnrin gíga ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, apá rẹ̀ pupa títí dé igbọ̀nwọ́ nítorí omi gbígbóná. Wàrà dídì tuntun ló wà nínú bébà náà, èyí tó máa ń ké lẹ́nu béèyàn bá ń jẹ ẹ́ kó tó pẹ́.

"Jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì ń ké," ló wí, ó jókòó sí etí tábìlì. "Wọ́n ní o ti ń ṣòfin fún wa. Wọ́n fi ọ́ joyè àwòdì. Jẹ́ ká wò ó bóyá o lè gbádìẹ." Ó na ọrùn sí kọ̀ǹpútà, ó ka ìlà méjèèjì. "Ẹni tó pẹ́ jù. Ó dáa. Ọmọ ilé wa ni ọ́ lóòótọ́."

"Mo fẹ́ yí i padà."

Verlyn ń jẹun lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀.

"Bàbá ti ń nu ìbọn láti oṣù kẹjọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ti nù ún títí, kò sí ohun tó kù lára ẹ̀ tó yẹ ní nínù. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀. Àbí o ti gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé."

"Ọmọ ta ni ọ́ gan-an, Marlys?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un. Ó jẹ́ kó gún un, ó sì béèrè ohun tó fẹ́ béèrè. "Ṣé o sọ fún Yesenia rí, nípa ilẹ̀kùn?"

"Ta ló sọ fún èmi? Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"Gbogbo èèyàn wo?"

Verlyn fi wàrà dídì tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀.

"Ó rò pé orúkọ àwọn tó fẹ́ fọ yàrá òtútù ni. Ìdí tó fi bá ọ fọ̀ ọ́ nìyẹn, lọ́dún tí ẹ̀yìn ń dùn ọ́."

Pupa gun ọrùn Verlyn títí dé etí. "Mo rò pé ó kàn ṣe mí lóore ni."

"Oore náà ni." Marlys sọ ìyókù fún un: ìpè agogo mẹ́sàn-án, agbada tó kún, fóònù tó wà lára ògiri, iyọ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀, torí bó bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, á sunkún.

"Mo pa akọ àgbọ̀nrín kan lọ́jọ́ náà," ni Verlyn wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀. Bàbá ń pàtẹ́wọ́." Ó dìde, ó ká bébà náà pọ̀ mọ́ ọwọ́. "Àánú ẹ̀ ṣe mí, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tiẹ̀ ti kú, Marlys. Tiwa ṣì wà láàyè."

Ó jáde.

Marlys ti ilẹ̀kùn, ó tẹ orí ba. Àdúrà rẹ̀ kò gùn; kò mọ ohun tí yóò béèrè. Ó wá sí i lọ́kàn láti ṣẹ́ kèké. Àwọn baba ìgbàgbọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá kèké jà. Á gé bébà méjì, á kọ orúkọ méjì, á jẹ́ kí Olúwa yàn. Ó tiẹ̀ ti mú sísọ́ọ̀sì nílẹ̀ kó tó rí ohun tó fẹ́ ṣe. Ohun tí ọmọ èèyàn ò lè mọ̀ ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké lé lórí. Èyí, ó ti mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ fi Ọlọ́run bojú gẹ́gẹ́ bí Curt ṣe fẹ́ fi òfin bojú ni.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó pa ìlà méjèèjì rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

Nígbà tí agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Curt ti dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Èyí kọ́ ni mo ní kí o kọ."

"Rárá, òun kọ́."

"Verlyn máa pa wá."

"Kò ní pa ọ́. Èmi ni yóò bá jà."

"Mo ní kí òfin máa sọ̀rọ̀..."

"Òfin ò lẹ́nu, Curt. Ẹni tó kọ ọ́ ló ń sọ̀rọ̀." Ó gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lórí kàlẹ́ńdà yẹn. Mo kàn ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀kùn ló ń sọ ọ́."

Curt fọwọ́ ra orí. Ohun tó sì sọ jọ ìwà rẹ̀ gan-an: "Tí Verlyn bá fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí i."

Àwọn mẹ́rìnlá ló wà nínú yàrá ìjẹun. Àwọn kan jókòó, àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri. Yesenia wà lẹ́bàá fèrèsé, ó di ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá. Verlyn dúró ti ìkòkò kọfí, kò wo ẹnikẹ́ni. Marlys ka ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n ń mi orí.

"Ìpínrọ̀ kẹrin. Ẹni tó bá gba ìsinmi ní ọ̀sẹ̀ àgbọ̀nrín lọ́dún kan, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn àwọn tí kò lọ ni yóò tò sí. A kì yóò kọ orúkọ síbì kankan mọ́ àfi sára ìwé tí a ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yìí, ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù kejìlá, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Spéènì. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sin òbí, ọkọ, aya tàbí ọmọ, tàbí tó fẹ́ lọ ṣe ìrántí ọdún àkọ́kọ́ ikú rẹ̀, ó ṣáájú gbogbo wa. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Rollie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àgbọ̀nrín náà ńkọ́? Ṣé wọ́n á tò sẹ́yìn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gbẹ.

"Ẹ gbọ́ tèmi," ni Skip wí. "Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá ìyàwó mi ń bọ̀. Igbó nìkan ni ibi ìsádi mi. Marlys, ìwọ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣàánú mi!"

"Mú ìyá ìyàwó ẹ lọ sígbó," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Àgbọ̀nrín á ṣí kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí!"

Dale ò bá wọn rẹ́rìn-ín. "A ti kọ orúkọ wa. Láti ọdún tó kọjá la ti kọ ọ́. Verlyn, o ò gbọ́ ohun tí àbúrò ẹ ń sọ ni?"

Gbogbo ojú yí sí ibi ìkòkò kọfí. Marlys mọ̀ pé bó bá ní rárá, ó ti parí: Curt ò ní fọwọ́ sí i, Yesenia á sì ti gba ẹ̀yìn òkè lọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí yóò tún sọ fún Verlyn. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán lọ́sàn-án.

Verlyn gbójú sókè. Yesenia ló wò.

"Kí lorúkọ bàbá ẹ?"

"Fidencio."

"Ṣé ọdẹ ni?"

"Oko kọfí ló ń ṣe." Ó rò ó díẹ̀. "Ṣùgbọ́n tó bá sọ òkò lu ẹyẹ, ẹyẹ náà á bọ́."

Verlyn mi orí bí ẹni gba iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó rìn wá sí ìdí tábìlì, ilẹ̀ ń dún lábẹ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó sì nawọ́ sí àbúrò rẹ̀ fún bírò.

"Ṣé o ti sọ fún Bàbá?"

"Rárá."

"Ìwọ lo máa sọ fún un. Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ó fọwọ́ sí i, ó tẹ bírò náà mọ́lẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà. Ó wá sọ èyí tó kù sí i létí, kí àwọn yòókù má bàa gbọ́: "Má bá mi sọ̀rọ̀ títí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ìparí oṣù kọkànlá á fi kọjá. Mo lè dárí jì ọ́ nígbà yẹn. Mi ò ṣèlérí."

Ó padà sídìí agbada rẹ̀. Curt fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yesenia wá, kò yọ̀, kò sì dúpẹ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù sì fi ààmì omi sílẹ̀ lára ìwé náà. Nígbà tó fẹ́ jáde, ó di èjìká Marlys mú, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Agogo mẹ́rin kọjá nígbà tí Marlys wa ọkọ̀ dé ilé bàbá rẹ̀. Orville jókòó sí ìloro, aṣọ òtútù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ọ̀rá pa bàtà awọ. Ó ti rẹ̀ é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́ gaara.

"O tètè dé. Ẹnì kan kú ni?"

"Lésìí ni, Bàbá." Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́; kò pe Curt sí i, kò sì pe òfin. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo ní kí Verlyn má lọ."

Bàbá náà fi àkísà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbá ewé gbígbẹ kọjá níwájú wọn.

"Obìnrin tó ń ṣe wàràkàsì tí mo fi ń jẹ búrẹ́dì ni?"

"Òun ni."

"Tí bàbá ẹ̀ sì kú." Ó mi orí. "Ó yẹ kó lọ. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń wá àkísà lórí aṣọ, kò rí i, bẹ́ẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀. "Ọdún tó ń bọ̀ náà ọdún ni."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí dókítà wí. Marlys mú àkísà náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, èmi ni mo máa mú yín lọ."

Ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ìwọ? Wọn ò nílò rẹ níbi iṣẹ́?"

"Wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi rí. Èmi náà ò sì tọrọ ọ̀sẹ̀ yẹn rí."

"O ò tíì tẹ ẹsẹ̀ sínú ahéré yẹn láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá. O sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, gbogbo ẹran inú igbó ló sá. Mo dá ọ padà fún ìyá rẹ kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná." Ẹ̀rín kékeré kan gba ètè rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń bi í léèrè tọkàntọkàn. "Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún ni o, Marlys. Kò gbọ́dọ̀ sí ìró. Ṣé o ti wá mọ̀ ọ́n dákẹ́?"

Marlys wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí yíǹkì ti pa ìka rẹ̀ láró láti ìgbà èwe rẹ̀ wá. Ó rò pé òun á rẹ́rìn-ín, kò sì lè rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá," ló wí, jẹ́jẹ́. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n."